Dúró Ládiípọ̀: Ìtàn Ìgbòho tó di ọ́pẹ́rà, àti ohùn tó gbé e dé Jámánì

Nínú gbogbo ìlú tó wà ní Òkè-Ògùn, Ìgbòho ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí àwọn Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Aláàfin mẹ́rin ló jẹ níbẹ̀ tẹ̀léra: Egunojú, Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ (tí àwọn òpìtàn kan sọ pé obìnrin ni), Ajíbóyèdé àti Abípa. Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ìgbòho kò parẹ́. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀rẹ́lópé lónìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgbòho yìí ni olórin kan ní Òṣogbo fi ṣí ilé eré rẹ̀ ní 1962, tí ó sọ ọ́ di ọ́pẹ́rà, tó sì jẹ́ pé ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni wọ́n pe òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ kọrin ní ìlú Berlin ní Jámánì. Orúkọ olórin náà ni Dúró Ládiípọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọ̀hún, nítorí ọ̀rọ̀ ohùn ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Ìtumọ̀ orúkọ Abípa ni ẹni tí a bí sí ipa ọ̀nà. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, Abípa pinnu pé òun yóò kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn ìjòyè nínú rárá. Ìgbòho ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ní ilé. Wọn kò jẹ́ wí fún ọba lójúkojú pé àwọn kò lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ ṣe ètùtù sí ahoro ìlú náà, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yọ́ rán ènìyàn mẹ́fà ṣáájú: abuké kan, àfín kan, adẹ́tẹ̀ kan, aràrá kan, arọ kan, àti ẹnìkan tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú. Ìwà ìkà gbáà ni, kí á máa fi ara ọmọnìkejì dẹ́rù ba ènìyàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn mẹ́fà wọ̀nyí gun orí òkè Àjàká, wọ́n tan iná, wọ́n ń rìn káàkiri nínú òkùnkùn, wọ́n sì ń ké pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ ọba gbọ́ ohùn tí wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, wọ́n rí iná lórí òkè, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n padà wá jẹ́ ọba ní iṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ àti iwin ti gba Ọ̀yọ́ Ilé.

Àṣírí náà tú sí ọba lọ́wọ́. Ó wá yan ọdẹ mẹ́fà tí àyà wọn kò já, ó ní kí wọ́n lọ wo ohun tó ń ké lórí òkè. Àwọn ọdẹ dé ibẹ̀, wọ́n rọra ká wọn mọ́, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàyè. Ọba kò pariwo. Ó kó wọn pamọ́, ó pe àwọn ìjòyè síbi àsè, ó sì fi agbè ọtí ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé agbè wá fún ìjòyè kọ̀ọ̀kan ni ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yọ́ rán lọ sórí òkè. Kò sí ẹni tó lè la ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ìyẹn ọba tó mú ọ̀rọ̀, wọ́n sì kó padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí eré orí ìtàgé Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Ìgbòho yìí gẹ́gẹ́ bí orísun eégún alárìnjó. Bí a bá gba èrò rẹ̀ gbọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn ni ìtàgé Yorùbá ti fìdí múlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n para dà ní òru, tí wọ́n sì fi ohùn ẹnu wọn dẹ́rù ba ìránṣẹ́ ọba.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ọ́pẹ́rà jẹ́ kí a tó tẹ̀ síwájú. Eré ni, tó ní ìtàn, ọba, ìjà, ìfẹ́ àti ikú, ṣùgbọ́n orin ni àwọn òṣèré fi ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọn ì bá fi ẹnu sọ. Láti ilẹ̀ Ítálì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ní Jámánì, iṣẹ́ tó ní ojúlówó owó oṣù ni. Ilé ọ́pẹ́rà tí ìjọba ń fi owó ìlú gbọ́ bùkátà rẹ̀ lé ní àádọ́rin níbẹ̀. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ga, tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀, yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin, olùkọ́ ohùn yóò tọ́ ọ títí yóò fi lè kọrin bo ohùn ọgọ́rin ohun-èlò orin láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ tán, ilé ọ́pẹ́rà kan yóò gbà á síṣẹ́. Bí ó bá dàgbà tí ohùn rẹ̀ kò gbé e dókè mọ́, òun náà yóò di olùkọ́ ohùn, yóò sì gba owó lórí rẹ̀. Ní ọdún tí Ládiípọ̀ dé Berlin, Fritz Wunderlich ni ọ̀kan nínú àwọn tẹ́nọ̀ tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Jámánì. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kusel ni wọ́n ti bí i ní 1930. Margarethe von Winterfeldt ló kọ́ ọ ní ohùn ní ìlú Freiburg, orúkọ olùkọ́ yìí sì wà nínú ìwé ìtàn ayé Wunderlich títí dòní. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni Wunderlich nígbà tó kú ní 1966.

Ọ̀nà mìíràn pátápátá ni Ládiípọ̀ gbà.

Abíkú ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi jẹ́ Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríkẹ́, gbogbo rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ pé kó dúró. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n onílù ni bàbá rẹ̀ àgbà, ó sì ń bọ Ṣàngó àti Ọya. Inú ilé méjì ni ọmọ náà ti gbọ́ ohùn, a lè sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ dùùrù àti orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìta, ní Ọ̀tan Ayégbajú àti ní Òṣogbo, ó gbọ́ bàtá, oríkì, iwì àti ìpè àwọn oníṣàngó. Ó di olùkọ́ ilé-ìwé, ó di ẹni tí ń ṣe àkójọ orin fún ìjọ, nígbà tí Nàìjíríà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba òmìnira, ó kọ kàǹtátà kan fún ọdún Àjíǹde ní Òṣogbo, ó sì kó ìlù bàtá sínú rẹ̀.

Ìjà dé. Àwọn àgbà ìjọ ní ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Lójú wọn, bàtá kì í ṣe ìlù lásán. Ìlù Ṣàngó ni, ẹni tó bá sì lù ú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti pe Ṣàngó wọlé. A kò lè sọ pé wọn kò ní ìdí rárá, nítorí àwọn bàbá wọn ló fi òrìṣà sílẹ̀ kí wọ́n tó di onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ládiípọ̀ ń wá nínú bàtá kì í ṣe òrìṣà. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí orin yóò fi máa sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá bó ṣe yẹ kó jẹ́.

Ohun tó sì jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì nìyí. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Igbá yàtọ̀ sí ìgbà, ìgbà yàtọ̀ sí igba, ohùn tó lọ sókè tàbí tó wá sílẹ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìyìn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orin ń gòkè. Níbi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ gòkè, orin ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ orin náà sórí yóò mọ ohun tó ń kọ, ṣùgbọ́n àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń lu dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ ẹ́ lógún. Hubert Ògúndé náà ti gbìyànjú tirẹ̀ ní 1944, nígbà tó ṣe eré nípa ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó, tí wọ́n sì pè é ní ọ́pẹ́rà ohùn ìbílẹ̀. Ládiípọ̀ ló wá gbé e dé ìparí: kò fi ọ̀rọ̀ sórí orin mọ́, inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti fa orin yọ.

Nígbà tí ilé ìjọsìn kọ̀ ọ́, ó gbé orin rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní abẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, tó sì ń gbé Òṣogbo, ló ràn án lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Mbari ti wà ní Ìbàdàn láti 1961. Ní oṣù kẹta 1962 wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé tí Ládiípọ̀ ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i sí tiwọn, wọ́n ní Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ni Ládiípọ̀ ṣe *Ọba Mọ́rọ̀*, ìtàn Ìgbòho tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọdún yípo, ní 1963, ó gbé *Ọba Kò So* jáde: bí Ṣàngó ṣe rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, bí Gbọ̀nkáà ṣe mú Tìmì bọ̀, bí Gbọ̀nkáà ṣe wá kojú ọba fúnra rẹ̀, títí Ṣàngó fi fi ìlú sílẹ̀. Ní 1964 ó ṣe *Ọba Wàjà*, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù ní 1944, nígbà tí òyìnbó aláṣẹ kò jẹ́ kí olókùn ẹṣin bá ọba lọ. Ìtàn yìí kan náà ni Wọlé Ṣóyínká wá kọ eré tirẹ̀ lé lórí ní 1975. Ọ̀yọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé, kò sì yani lẹ́nu: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agbára àti ọ̀rọ̀ ohùn ti pọ̀ jù.

Báwo ni Ládiípọ̀ ṣe ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ohùn? Ẹ wo bí èdè wa fúnra rẹ̀ ṣe ya iṣẹ́ ohùn sọ́tọ̀. Orin ni à ń kọ. Ìjálá ni à ń sun, rárà àti ẹkún ìyàwó náà ni à ń sun. Iwì ni à ń ké, ẹ̀sà ni à ń pè, Ṣàngó ni à ń pè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí ọ̀fun ṣe ń ṣe é, ní ibi tí a ti ń mí, ní bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹni tó bá sun ìjálá bí ẹni ń sun ẹkún ìyàwó, àwọn ọdẹ yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ni Ládiípọ̀ kó sínú ọ́pẹ́rà rẹ̀. Ọba kì í kọrin bí ìlàrí. Ọya kì í sọ̀rọ̀ bí Gbọ̀nkáà. Ìlù a sì máa dá wọn lóhùn ní ọ̀rọ̀, nítorí ìlù wa ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lórí ìtàgé. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, ló ń ṣe Ọya. Adémọ́lá Oníbọnòkúta ló ṣe Tìmì.

Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà, bí Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé, jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọn kò ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ Mbárí Mbáyọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Kò sí bébà orin tí wọ́n ń kà. Ọ̀gá yóò pe é, ọmọ yóò gbà á, títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Bí ọmọ ọ̀jẹ̀ ṣe ń kọ́ iwì ní ilé eégún ní Ṣakí gan-an nìyẹn, bí ọmọbìnrin sì ṣe ń kọ́ ẹkún ìyàwó lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi pe ti Freiburg ní ẹ̀kọ́, tí a ó sì pe èyí ní àṣà lásán.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún 1964 ni wọ́n dé Berlin, fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ìlú náà. *Ọba Kò So* ni wọ́n ṣe. Àwọn ará Jámánì tó wá wòran kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ ọ́pẹ́rà láti kékeré, wọ́n sì dá ohun tí wọ́n ń gbọ́ mọ̀. Ní 1965 ẹgbẹ́ náà lọ sí Ìlú Ọba fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ní 1975 wọ́n sì ṣe é dé Amẹ́ríkà. Ládiípọ̀ tún padà sídìí ìtàn àwọn elédè Jámánì lẹ́ẹ̀kan sí i nínú *Ẹ̀dá*, eré tó fà yọ láti inú iṣẹ́ Hugo von Hofmannsthal, ọmọ Austria tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọ́pẹ́rà fún Richard Strauss. Ní ti Lérè Páímọ́, tó jáde láti inú ẹgbẹ́ yìí, orúkọ Ẹ̀dá ló mọ́ ọn lára títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn gbogbo òkìkí yìí, níbo ni owó wà? Ìbéèrè tó nira nìyẹn. Kò sí ìjọba tó ń san owó oṣù fún ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ bí ti Jámánì ṣe ń san fún tẹ́nọ̀ tirẹ̀. Owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń jẹun, ọkọ̀ ni wọ́n sì ń wọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ó pọn dandan fún un láti tẹ̀lé ibi tí àwọn òǹwòran bá lọ, ibi tí wọ́n sì lọ ní àwọn ọdún 1970 ni ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣe eré *Bọ́dé Wàásinmi* níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ orin gígùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó fẹ́, kíákíá, pẹ̀lú ojú tó súnmọ́ ẹ̀rọ. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ eléré Yorùbá fi orin sílẹ̀ tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ sísọ, nígbà tí fíìmù àti fídíò sì dé, ọ́pẹ́rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá. Dúró Ládiípọ̀ kú ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, 1978, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ìparí.

Ohun kan tó dára ni pé wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà bá a wọ ilẹ̀. R. G. Armstrong, Robert Awujọọla àti Val Ọláyẹmí kọ *Ọba Kò So* sílẹ̀ ní Yorùbá bó ṣe jáde lẹ́nu àwọn òṣèré, Ilé Ẹ̀kọ́ nípa Ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí ẹni tó bá mọ ohùn ọ̀rọ̀ lè fi ìwé yẹn tún orin náà gbé dìde. Ti *Ọba Mọ́rọ̀* kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbajúmọ̀, nínú ìwé tí wọ́n kó eré mẹ́ta pọ̀ sí ní 1964. Ọmọ Ìgbòho tó bá fẹ́ ka ìtàn ìlú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ládiípọ̀ ṣe kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èdè òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ MUSON ní Èkó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohùn ọ́pẹ́rà ní ìlànà àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Àwọn tẹ́nọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ lè kọ orin Ítálì àti ti Jámánì láìṣì. Iṣẹ́ olùkọ́ ohùn ní ilé irú ìyẹn ní owó nínú, ó sì ní ìwé ẹ̀rí. Àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ ní iwì ní Òkè-Ògùn kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Bí ọmọ rẹ̀ bá lọ wá iṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí yóò wá san owó kí wọ́n lè kọ́ ọ ní ohun tí bàbá ọmọ náà mọ̀. Ulli Beier padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dá ilé Ìwàlẹwà sílẹ̀ ní 1981 ní Bayreuth. Bayreuth kan náà ni Richard Wagner kọ́ ilé ọ́pẹ́rà rẹ̀ sí, tí wọ́n ṣí ní 1876, tí àwọn tẹ́nọ̀ Jámánì sì ń lálàá láti kọrin níbẹ̀. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìrágbìjí tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀, lọ síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ará Jámánì ní ìlù Yorùbá.